Mo ta bitcoin díẹ̀ fún ará ilé mi, ó bá rí gbogbo owó mi: ṣé míksà ni kí n lọ lò?

Ayàwòrán_Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àmì ilé iṣẹ́ ni mo máa ń yà lórí kọ̀ǹpútà. Oníbàárà mi kan ní Jámánì ló ń fi bitcoin san owó iṣẹ́ mi láti bí ọdún mẹ́ta. Mi ò ná an, ńṣe ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá tí mo pààrọ̀ fóònù, mo kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan nínú ọgbà tí à ń gbé ní òun fẹ́ ra díẹ̀. Mo fi 0.001 ránṣẹ́ sí i tààrà láti inú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi, ó san náírà, mo rò pé ó tán síbẹ̀.

Àṣé kò tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn, ó na fóònù sí mi lójú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti là, ẹ ò sì sọ fún wa!" Ó ti wo sísan yẹn lórí mempool.space, ojúlé tí ẹnikẹ́ni ti lè wo gbogbo sísan bitcoin, ó rí ìlà méjì: 0.001 tó wá sọ́dọ̀ ẹ̀, àti 0.086 tó gba ibòmíì lọ. Ó ṣírò ẹ̀ sí náírà sókè ketekete níbẹ̀. Ìyàwó onílé ń sá aṣọ lọ́wọ́.

Ó ti wá yá owó lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ náà. Ìyẹn ò dùn mí tó ẹ̀rù tó ń bà mí. Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Mo ti ń kà nípa míksà, tí wọ́n ní ó ń po owó ẹni mọ́ ti ẹlòmíì kí wọ́n má lè tọpa ẹ̀. Ṣé kí n lò ó? Ṣé kò ní kó mi sí wàhálà?

ỌmọAlájọ
Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Àjọ ni míksà. Gbogbo yín á kó owó fún alájọ, á dà á pọ̀ sínú àpò kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé bébà owó báyìí ni Lágbájá mú wá. Ojúlé wà tó ń ṣe é: ẹ fi owó ránṣẹ́, wọ́n yọ owó iṣẹ́ tiwọn, wọ́n fi ti ẹlòmíì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tuntun tí ẹ bá fún wọn. Mo lò ó lẹ́ẹ̀mejì ní 2018, owó mi pé pérépéré.

Ṣọ́raẸ
Tìẹ pé. Tèmi ò pé.

2019 ni. Mo wá orúkọ ojúlé tí wọ́n ń yìn nígbà yẹn lórí Google, mo tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Ìpolówó ni, mi ò wò ó. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú orúkọ ẹ̀. Mo fi 0.03 ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n dúró kí ó jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo dúró títí àkùkọ fi kọ. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ewé yẹn kò ṣí mọ́.

Ta ni mo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn? Kí n ní kí ni? Pé mo fi owó mi pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i, ó wá sọnù níbi tí mo fi pamọ́ sí?

Èyí tí kì í ṣe ayédèrú gan-an ò sàn. ChipMixer ńkọ́? Oṣù kẹta 2023 ni Jámánì àti Amẹ́ríkà jọ gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹni tí owó ẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gbàgbé nìyẹn. Roman Sterlingov tí kóòtù Amẹ́ríkà ní òun ló ni míksà Bitcoin Fog, ọdún méjìlá àtààbọ̀ ni wọ́n dá fún un ní 2024. Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, ẹ má gbé owó yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Òtítọ́Korò
Ẹ má bínú sí mi, mo ti dàgbà, mi ò lè pọ́n ọ̀rọ̀ lé. Owó tó mọ́ kì í sá. Àwọn ọmọ yahoo ni mo mọ̀ tó ń po owó pọ̀. Ọmọlúàbí tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ló ń sá fún?

Akódù_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa gùn díẹ̀.

Ẹ̀yin alàgbà wa Òtítọ́Korò, mo kí yín. Ẹ ò lẹ ìwé owó oṣù yín mọ́ ilẹ̀kùn ìta, ẹ ò sì jalè. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà EndSARS, ọ̀nà tí Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń kówó jọ fún ìwọ́de náà, fi ń gba ọrẹ nípasẹ̀ báńkì dí mọ́ wọn lọ́wọ́, bitcoin ni wọ́n yí sí. Nígbà tó yá, kóòtù fọwọ́ sí i kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn kan tó kópa pa fúngbà díẹ̀. Ẹni tó dá owó oúnjẹ àti owó lọ́yà fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn, ṣé ọmọ yahoo ni? Ṣùgbọ́n mi ò jiyàn pé àwọn olè náà ń lò ó. Wọ́n ń lò ó gan-an, òun ló sì ń kó bá àwa tó kù.

@ỌmọAlájọ, ibi tí àpèjúwe ẹ ti já gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àjọ ní alájọ. Bó bá sá, ó sá lọ nìyẹn. Ojúlé tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn kó tó dá a padà, àjọ ni lóòótọ́, àjọ tí èèyàn ò mọ ojú alájọ ẹ̀. Ohun tí Gregory Maxwell dá lábàá ní 2013, tó pè ní CoinJoin, kò ní alájọ. Èèyàn púpọ̀ ló jọ ń ṣe sísan kan ṣoṣo. Oníkálukú á wò ó bóyá iye tó tọ́ sí òun ń jáde síbi tí òun fẹ́, kó tó buwọ́ lù ú. Bí ẹnì kan péré bá kọ̀ tí kò buwọ́ lù ú, sísan náà kò ṣẹ, owó kankan ò sì kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, ṣéńjì ló tú àṣírí yín. Bitcoin kò rí bí owó inú àkáǹtì tí wọ́n kàn ń yọ nọ́ńbà kúrò nínú ẹ̀. Bébà owó ló jọ. Bí ẹ bá na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí oníbisikíìtì igba, á fún yín ní ẹgbẹ̀rin. Ẹ ti kó gbogbo owó ọdún mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan tó lé ní 0.087. Ẹ wá na ẹyọ ńlá yẹn síta nítorí 0.001. Àbúrò yẹn mọ ìlà tó jẹ́ tirẹ̀, ìlà kejì ò sì lè jẹ́ ti ẹlòmíì: ṣéńjì yín tó padà sọ́dọ̀ yín ni.

Àwọn kan máa ń pe ìpòpọ̀ yìí ní àdàlù. Orúkọ yẹn dùn, ṣùgbọ́n ẹ wo àwo àdàlù dáadáa: ojú ṣì ń dá àgbàdo mọ̀ láàárín ẹ̀wà. Bí mo bá mú 0.037 wá, tí ẹ mú 0.5 wá, tí 0.037 sì jáde lódì kejì, ta ni ò mọ̀ pé tèmi ni? Ìdí nìyẹn tí iye tó ń jáde nínú CoinJoin fi ní láti dọ́gba. Gaàrí ni kí ẹ rò. Èèyàn márùn-ún da gaàrí kan náà sínú ọpọ́n, oníkálukú bu kóńgò kan padà. Gbogbo ayé rí àwọn márùn-ún tó wọlé, wọ́n rí kóńgò márùn-ún tó jáde, wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Ìyókù gaàrí tí kò pé kóńgò, ìyẹn ṣì ń jẹ́ orúkọ yín, torí ṣéńjì lòun náà.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìyókù yẹn. Mo ti fi ba iṣẹ́ ara mi jẹ́ rí. Mo po owó tán, mo ní kóńgò mẹ́rin tó mọ́ àti ìyókù kan. Oṣù kejì, mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà. Wọ́lẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ kó kóńgò mẹ́ta àti ìyókù yẹn pọ̀, ó fi san án. Ohun tó bá jọ wọ inú sísan kan, ẹni kan náà ni gbogbo ayé á gbà pé ó ni ín, àfi tí sísan náà bá jọ CoinJoin. Mo san owó ìpòpọ̀, mo san owó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà, mo wá fọwọ́ ara mi so gbogbo ẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ayàwòrán_Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an. Ó ti ń yé mi. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ ńlá ló fa á, ṣé mi ò kàn lè pín in sí wẹ́wẹ́ fún ara mi, sí àdírẹ́sì bíi mẹ́wàá?

Akódù_Ògbómọ̀ṣọ́
Fún owó tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Fún èyí tó ti rí, rárá. Ó mọ àdírẹ́sì tí ṣéńjì yẹn wà. Bí ẹ bá fọ́ ọ sí mẹ́wàá, á kàn rí i tó fọ́ sí mẹ́wàá ni. Yóò tún máa rẹ́rìn-ín.

Ará_Manchester
Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.

Akódù ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ní 2021 mo po owó mi nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì kan, kò sí ojúlé kankan níbẹ̀. Mo wá fi ránṣẹ́ sí ilé pàṣípààrọ̀ kan kí n lè tà á. Wọ́n ti àkáǹtì mi pa lọ́jọ́ kejì. Ẹ rántí pé àǹfààní kí iye dọ́gba náà ló ń jẹ́ kí CoinJoin hàn kedere lójú ẹni tó ń wá a: wọn ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé mo ti inú ọpọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń kó ìwé ránṣẹ́. Ìwé owó iṣẹ́ tí mo ti tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ló yọ mí. Ká ní mi ò ní in ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó po nǹkan kan, kó ti kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó gbà á, iye tó jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó san án. A ò fi èyí pamọ́ fún àwọn agbowó orí. Níbí ní Ìlú Ọba, èrè tó bá ti kọjá £3,000 lọ́dún, HMRC, àwọn agbowó orí ibí, fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀. Òfin owó orí tuntun ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, náà ka èrè orí krípítò mọ́ ohun tí wọ́n ń gba owó orí lé.

Wọ́lẹ́ẹ̀tì tí mo lò nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ tó ń darí ìpòpọ̀ inú ẹ̀ ti pa á tì. Wasabi ni. Oṣù kẹfà 2024 ni zkSNACKs, ilé iṣẹ́ náà, pa tiwọn, kò tó oṣù méjì sígbà tí wọ́n mú àwọn méjì tó dá Samourai, wọ́lẹ́ẹ̀tì míì tó ń po owó, sílẹ̀.

Akódù_Ògbómọ̀ṣọ́
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti yí. Amẹ́ríkà fi òfin de Tornado Cash, ètò míksà kan orí ayélujára, ní oṣù kẹjọ 2022, kóòtù ní ètò orí ayélujára tí kò sẹ́ni tó lè yí i padà kì í ṣe dúkìá ẹnikẹ́ni, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìdènà ní oṣù kẹta 2025. Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀.

Ará_Manchester
Kò tán, àbúrò. Wọ́n yọ ètò kúrò, wọn ò fi àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù kẹjọ 2025 ni ìgbìmọ̀ adájọ́ dá Roman Storm lẹ́bi lórí ẹ̀sùn kan, pé ó gbìmọ̀ láti máa fi owó ránṣẹ́ láìgba àṣẹ. Wọn ò fẹnu kò lórí àwọn tó kù. Alexey Pertsev gba ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́rin ní Netherlands ní 2024. Àwọn Samourai méjèèjì jẹ́wọ́, Rodriguez gba ọdún márùn-ún, Hill gba mẹ́rin, oṣù kọkànlá 2025. Àwọn tó kọ ọ́ tàbí tó ń darí ẹ̀ ni gbogbo wọn, kì í ṣe ẹni tó lò ó fún owó iṣẹ́ ara ẹ̀. Ìyẹn ni mo rò pé o fẹ́ sọ.

Akódù_Ògbómọ̀ṣọ́
Òun ni. Mo gba àtúnṣe, ẹ ṣé.

Kọ́bọ̀_P2P
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ ti gbàgbé ibi tí omi ti ń jò.

Láti oṣù kejì 2021 tí báńkì àgbà ti ní kí báńkì má bá oníkrípítò da nǹkan pọ̀, títí di oṣù kejìlá 2023 tí wọ́n dẹ okùn ẹ̀, P2P, kí n máa ra krípítò kí n sì máa tà á fún èèyàn tààrà, ni mo fi ń jẹun, òun náà ni mo ṣì ń ṣe. Ẹ po owó yín nínú ọpọ́n ogún. Ọjọ́ tí ẹ bá tà á, náírà ló máa wọ báńkì yín, orúkọ àbísọ yín ló sì máa hàn sí ẹni tó san án. Òun mọ orúkọ yín àti àdírẹ́sì tí ẹ fi ránṣẹ́. Kí wá ni ọpọ́n ṣe?

Ìbéèrè tèmi kò le: ta ni Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán ń sá fún? Kì í ṣe ìjọba. Àbúrò inú ọgbà ni, àti ẹni tí àbúrò yẹn lè lọ sọ fún. Nǹkan tí wọ́n nílò ò tó CoinJoin. Kí wọ́n fi owó yẹn sí ilé pàṣípààrọ̀ tó ti mọ̀ wọ́n, tó ní KYC wọn, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ wọn. Bí wọ́n bá fà á jáde padà sí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun, owó inú àpò ńlá ilé pàṣípààrọ̀ ló máa jáde, kì í ṣe ẹyọ tí wọ́n fi wọlé. Àbúrò á rí i tó wọ ibẹ̀, ojú ẹ̀ ò ní í ríran kọjá ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ta díẹ̀ fún ará ilé, kí wọ́n tà á láti inú ibẹ̀.

Ṣọ́raẸ
Ẹ fi kún un: kí wọ́n má fi 0.086 wọlé láàárọ̀ kí wọ́n fa 0.0859 jáde lọ́sàn-án. Afọ́jú á mọ̀. Kí wọ́n pín in, kí ọjọ́ yàtọ̀, kí díẹ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀. Kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, torí owó tó wà nílé pàṣípààrọ̀, alájọ náà ni.

Òtítọ́Korò
Ìyẹn ni mo lè fara mọ́. Ẹni tó mọ orúkọ yín mọ owó yín, àwọn aládùúgbò ò mọ̀ ọ́n.

Aláṣọ_Balógun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò ní bitcoin. USDT, krípítò tó ń bá dọ́là dọ́gba, ni mo fi ń sanwó ọjà, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tron. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni mo ní, òun ni mo fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí mo ń ra léèsì lọ́wọ́ ẹ̀ ní Guangzhou kọ̀ láti dín owó fún mi lóṣù tó kọjá. Ó ní òun rí i pé owó wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé àwàdà ni. Ṣé èmi náà lè bu kóńgò?

Akódù_Ògbómọ̀ṣọ́
Mọ́mì, ẹ kú ọjà. Kì í ṣe àwàdà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi àdírẹ́sì yín sórí Tronscan, ojúlé tó ń fi gbogbo sísan orí Tron hàn, á rí iye tó wà níbẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ẹ ti san fún. USDT ò ní ṣéńjì bíi bitcoin, bí àkáǹtì ló rí, nítorí náà kò sí kóńgò tí ẹ máa bù. Ilé iṣẹ́ Tether pàápàá lè dí àdírẹ́sì pa láti ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá lọ kó sínú míksà kan, tí owó burúkú sì ti ibẹ̀ bá yín, ọjà yín ló máa dúró.

Ẹ ya àdírẹ́sì ọjà sọ́tọ̀ sí ti ìpamọ́. Iye léèsì tí ẹ fẹ́ san ni kí ẹ fà jáde láti ilé pàṣípààrọ̀ sí àdírẹ́sì ọjà, kí ẹ san án, kó ṣófo. Ará Guangzhou á máa wo àpò òfìfo.

Kọ́bọ̀_P2P
TRX, owó Tron fúnra ẹ̀, tí ẹ máa fi san owó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà náà, Mọ́mì, ilé pàṣípààrọ̀ ni kó ti wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì àtijọ́, ìyẹn nìkan ti so méjèèjì pọ̀.

Ṣọ́raẸ
Bí ẹ bá rí USDT kékeré tó kàn wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀, ẹ wo àdírẹ́sì ẹ̀: ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ẹ̀ á jọ ti ẹni tí ẹ máa ń san fún. Wọ́n ń retí pé kí ẹ da á kọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kánjú ni. Inú ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí ni kí ẹ ti máa mú un, ẹ yẹra fún inú ìtàn sísan.

Aláṣọ_Balógun
Mo ti rí irú ẹ̀ méjì! Mo rò pé oníbàárà kan ló ṣe mí lóore. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká pàdánù.

Ayàwòrán_Ìbàdàn
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mi ò lo míksà. Ọ̀nà Kọ́bọ̀_P2P ni mo gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á jáde, iye àti ọjọ́ ò dọ́gba. Sparrow ni wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun tí mò ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń jẹ́ kí n rí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n fi orúkọ sí i lára, kí n sì yan èyí tí mo fẹ́ ná. Oníbàárà Jámánì ń gba àdírẹ́sì tuntun fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan báyìí. Mo sì ti kọ gbogbo owó ọdún mẹ́ta sínú ìwé, bí Bọ̀dá Manchester ṣe wí. Ìyẹn ló gba mí lákòókò jù.

Àbúrò tún kan ilẹ̀kùn lánàá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé owó yẹn ti kúrò níbẹ̀ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti fi kan òrùlé ilé tí mò ń kọ́. Ó bá mi kẹ́dùn ọ̀wọ́n páànù, ó sì lọ.

ỌmọAlájọ
Ilé wo?

Ayàwòrán_Ìbàdàn
Ìwọ náà tún ti bẹ̀rẹ̀.